Ẹ ṣọ́ra fún "sègi dígí" tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp ní Ifẹ̀

Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán aṣọ eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó ìlẹ̀kẹ̀.

Wọ́n gbé aṣọ Mọ́remí fún mi rán, eré tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe nígbà ọdún Edì tí wọ́n fi ń rántí Mọ́remí ní Ifẹ̀. Mi ò fẹ́ kó rí bí aṣọ òde lásán, ni mo bá lọ wo àwòrán àwọn ère idẹ tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ níbí, lọ́dún 1957. Ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́sẹ̀! Mo ra sányán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ rán an. Ó wá ku ìlẹ̀kẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀ kan ní òun ní sègi dígí, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù irú èyí tí wọ́n ń rọ ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ láyé àtijọ́. "Àǹtí, ẹ má fòyà, ojúlówó ni." Ó fi fídíò ránṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán gbinrin. Mo san ₦65,000. Nígbà tó dé, ọjọ́ eré ti sún mọ́lé, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo gán an mọ́ ọrùn ẹ̀wù. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọ̀ ọ́ dán wò, òógùn bò ó, aró búlúù sì ṣàn wálẹ̀ sí àyà sányán. Rọ́bà tí wọ́n kùn lọ́dà ni! Mo fọ̀ ọ́ títí, kò kúrò. Omijé bọ́ lójú mi. Mo pe onílẹ̀kẹ̀, ó ní oòrùn ló bà á jẹ́, ó sì búlọ́ọ̀kì mi.

Dígí máa ń tutù bí ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó sì wúwo ju rọ́bà lọ. Ẹ fi ẹyọ kan kan eyín: dígí á dún kọ́, rọ́bà kò ní dún bẹ́ẹ̀. Ẹ ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀. Bó bá ń yọ́, tó ń rùn, ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ sì fi òwú tútù nù ún lórí aṣọ funfun kẹ́ ẹ tó gán ẹyọ kan mọ́ ohunkóhun. Ìyẹn nìkan ì bá gba ẹ̀wù mi là.

Bí olówò bá kọ̀ láti pàdé yín ní ọjà Odò-Ògbè kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ọjà, ẹ fi í sílẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀ tó tàn mí jẹ yẹn ti yí orúkọ àti nọ́ńbà padà báyìí. Fídíò kan náà ló ṣì ń lò: àtẹ funfun lórí aṣọ tábìlì pupa, ọwọ́ kan tó ń da ìlẹ̀kẹ̀ sínú abọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má sanwó.