Jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí mo wọ̀ lọ sí Kilimanjaro nígbà òjò

Ọjà òkìríkà ní Ìlọrin ni mo ti rà á, ₦32,000, lẹ́yìn tí a ti ná an títí. Ìyá tó tà á na ìka sí nọ́ńbà 650 tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ ọrùn rẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ gbé e. Kò sí ọyẹ́ tó máa rí yín mú nínú èyí." Mo rẹ́rìn-ín. Kilimanjaro, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà, ní Tanzania, ni mò ń gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òtútù ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n. Rárá o, bí ìyẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń wú tó ni. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ múlọ́múlọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ara móoru. Bí ìyẹ́ bá ti rọ̀ jọ, tí kò wú mọ́, jákẹ́ẹ̀tì ti di ẹ̀wù lásán nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ dán an wò nílé. Ìdájí kan lóṣù Jánúárì, mo wọ̀ ọ́ gun Òkè Sóbí. N kò tíì gùn ún dé ìdajì tí òógùn fi bò mí, ni mo bá bọ́ ọ kọ́ èjìká. Fífúyẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an: tí ẹ bá ká a, kò ju búrẹ́dì kan lọ. Àmọ́ kí ni Sóbí fẹ́ sọ fún èèyàn nípa òkè tó ga tó 5,895 mítà?

Ibi tí mo ti kùnà ni pé òjò Ìlọrin ni mo wò kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ wa, tó bá ti di Novẹ́ńbà, òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ti ń pọ́n, kálukú ń retí ọyẹ́. Owó àwọn tó ń mú èèyàn gòkè náà wálẹ̀ lóṣù yẹn, n kò sì béèrè ìdí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò ń rọ̀ ní Kilimanjaro: òjò gígùn láti Máàṣì sí Mèé, òjò kúkúrú ní Novẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà. Òjò a máa tẹ̀ lé oòrùn. Bí oòrùn bá ti ń kúrò lápá ọ̀dọ̀ wa lọ sí gúúsù, orí òkè náà ni òjò ń gbà kọjá. Òjò tó fi Ìlọrin sílẹ̀ ló lọ dúró dè mí ní ẹnubodè Machame, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Gúúsù òkè náà ni Machame wà, igbó kìjikìji sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ látòkèdélẹ̀. Òjò bá wa ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo wọ aṣọ òjò sórí jákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, omi gba ojú rírán wọlé. Nínú àgọ́ lálẹ́, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sójú iná tọ́ọ̀ṣì: ìyẹ́ ti rọ̀ sísàlẹ̀ àpò kọ̀ọ̀kan bí ògì tó rọlẹ̀, òkè rẹ̀ wá di aṣọ pẹlẹbẹ méjì tí mò ń rí òjìji ìka mi láàárín wọn. Ó sì ń rùn bí adìẹ tí òjò pa. N kò sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn yọ fún wákàtí bíi méjì láàárọ̀ kí kùrukùru tó gorí wá. Mo tẹ́ ẹ sórí àpáta, mo ń fi ọwọ́ tú ìyẹ́ ká bí ẹni ń gbọ́n òwú. Ó gbẹ díẹ̀, kò gbẹ tán.

Barafu ni wọ́n ń pe àgọ́ tó kẹ́yìn, "yìnyín" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Swahili. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ti ń gbéra níbẹ̀, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ ti dì mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, kì í yọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń mú wa lọ fọwọ́ kan apá jákẹ́ẹ̀tì mi, ó mi orí, ó sì lọ gbé tirẹ̀ kan wá. Òwú rọ́bà, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, ló kún inú rẹ̀, ó wúwo, kò sì wuyì, ṣùgbọ́n bí omi bá rin ín pàápàá, ó ṣì ń mú ara móoru. Òun ni mo wọ̀ dé ṣóńṣó òkè. Omi dì nínú rọ́bà tí mò ń fi mu ún, fóònù mi kú tòun ti iná lára. Nígbà tí mo dúró lórí òkè lówùúrọ̀, tí mò ń mí bí ajá, jákẹ́ẹ̀tì tèmi wà nínú báàgì bí ọmọ tí wọ́n gbé lọ sóde ìyàwó tó sùn lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ká ní Jánúárì tàbí Ògọ́ọ̀sì ni mo lọ, tí ojú ọjọ́ gbẹ, bóyá ǹ bá fún un ní márààrún. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lọ nígbà òjò, kó wá olówùú rọ́bà, tàbí kó gba ọ̀nà Rongai láti àríwá òkè náà, òjò kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Síípù rẹ̀ náà já nígbà tí mo délé, télọ̀ kan ní Tánkè ló pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ti gbà á lọ́wọ́ mi báyìí. Òun ló ń wọ̀ ọ́ lọ kírun Àsùbáà nígbà ọyẹ́, kò sì tíì ráhùn.