Ilé scan tó wà ní Mọ̀kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ gbọ́mọ lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lọ ya scan ikùn fọ́mọ, ilé scan tí anti kan ń ya scan níbẹ̀ ní Mọ̀kọ́lá ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 6, ni mo gbé lọ. Ara ẹ̀ ń gbóná ṣáá, kẹ́mísìtì ti fún un lóògùn ibà títí, ìgbóná yẹn á lọ á tún padà, kò jẹun, tó bá sì fẹ́ rìn á fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú, á tẹ̀ bí arúgbó.

Anti yẹn ò kánjú rárá. Ó kọ́kọ́ fi jẹ́ẹ̀lì sọ́mọ lọ́wọ́ kẹ́rù má bà á, kó tó wá gbé ẹ̀rọ lé e nínú, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ egungun ìhà, ló bá yí ojú ẹ̀rọ sí mi, ó fi ibì kan tó dúdú róbótó hàn mí nínú ẹ̀dọ̀, ó ní ó jọ pé ọyún ló kó jọ síbẹ̀. Kò ní ká lọ padà wá lọ́la o, ojú ẹsẹ̀ ló pe dókítà tó rán wa wá.

Ó tún bi mí bóyá eéwo mú ọmọ yìí láìpẹ́. Ó mú un mọ̀nà, lórí itan, wọ́n sì fọwọ́ fún un nílé. Dókítà wá tú u palẹ̀ fún wa pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus tó ń fa eéwo náà ni wọ́n sábà máa ń bá nínú ọyún ẹ̀dọ̀ ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e débẹ̀. Àpẹ́ńdísì tó bẹ́ lè fà á, aran tó bá gba ọ̀nà òróòro wọlé náà lè fà á, amoeba, kòkòrò kékeré inú omi tí ò mọ́ náà ńkọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àgbà nìyẹn ń ṣe jù. Ìkókó tí ìwọ́ ẹ̀ kẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ọmọ tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, tó ní síkùsẹ̀lì, tàbí tí ara ẹ̀ ò lè bá kòkòrò jà, ló tètè ń mú.

Ọsibítù fi abẹ́rẹ́ fa ọyún yẹn, scan ló ń júwe ọ̀nà fún abẹ́rẹ́, ó ṣì ń lo antibáyọ́tíìkì, wọ́n ní ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ó ti ń jẹ àmàlà báyìí, ẹ ò mọ bínú mi ṣe dùn tó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Bẹ́ǹṣì wọn ò tó, ìdúró làwọn ìyá ń gbé ọmọ tára ẹ̀ ò yá sí, ìyẹn ò dáa. Ẹ tètè dé láàárọ̀.