Sky-Watcher Skyliner 200P ní Àbújá: ṣé ó lè fi eruku inú Centaurus A hàn wá?

Ó lè fi hàn. Ẹni tó bá ń wá tẹlisíkóòpù tó máa fi rí eruku inú gálásì mìíràn (àgbájọ ìràwọ̀ bíi Centaurus A) láti Àbújá, èyí ni a máa ní kó rà. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 200, ibi tí dígí náà ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí sì jìnnà sí i ní mìlímítà 1200. Kò ní mọ́tò, kò nílò iná, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i. Ẹ má jẹ́ kí páálí tẹlisíkóòpù mìíràn tí wọ́n kọ "525×" (ìlọ́po 525) sí tàn yín jẹ: bí dígí inú rẹ̀ kò bá ju mìlímítà 76 lọ, ti 200P yìí ń kó ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an sì ni a nílò.

James Dunlop ló ṣàwárí Centaurus A (NGC 5128) ní Parramatta, Ọsirélíà, ní ọdún 1826. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 12 kó tó dé ojú wa. Gálásì tó rí roboto bí ẹyin ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ti gbà tipẹ́ pé kò sí eruku nínú rẹ̀, títí sátẹ́láìtì IRAS fi yẹ ojú ọ̀run wò pẹ̀lú ìtànṣán infrared (ìtànṣán ooru tí ojú kò lè rí) ní 1983, tó sì rí ooru eruku nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé gáàsì gbígbóná tó kún inú irú gálásì bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ hóró eruku run láàárín mílíọ̀nù ọdún 10 sí 100. Eruku tó bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dé: yálà ìràwọ̀ tó ti darúgbó ló ń tú u jáde, tàbí gálásì mìíràn ló gbé e wọlé. Ní ti Centaurus A, ó gbé gálásì kan tó kún fún eruku mì, eruku ọ̀hún ló sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí ọ̀já dúdú.

Àsìkò tí a lè fi wo Centaurus A kò gùn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ojú ọ̀run á funfun bí omi ògì. Tó bá di oṣù kẹfà, òjò ti gbà á. Ìparí oṣù kẹta sí àárín oṣù karùn-ún ló kù, òru tí kò sí òṣùpá, pàápàá lẹ́yìn òjò tó ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Láàárín oṣù kẹrin, aago méjìlá òru ló máa ń ga jù ní gúúsù. Láàárín oṣù karùn-ún, aago mẹ́wàá alẹ́. Dígírì 38 péré ló ga ní Àbújá, bí ìkúùkù mẹ́rin tí ẹ bá na apá. Ẹ kọ́kọ́ wá Omega Centauri, tó dà bí ìràwọ̀ tí owú bò, kí ẹ tó gòkè sí àríwá ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Wuse àti Maitama kò ṣeé lò nítorí iná. Ẹ lọ sí ìhà Kuje tàbí Abaji, nínú ọgbà ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ má dúró sí etí títì.

Eyepiece (dígí kékeré tí a ń gbé ojú sí) méjì ló wà nínú páálí, ti mìlímítà 25 (ìlọ́po 48) àti ti 10 (ìlọ́po 120). Ti 25 lẹ ó fi wá gálásì náà. Ọ̀já eruku yẹn hàn jù ní ìlọ́po 80, kò sì sí eyepiece mìlímítà 15 tó ń fúnni ní ìlọ́po yẹn níbẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà kún un. Ẹ má ra fílítà nẹ́búlà (dígí tó ń jẹ́ kí àwọ̀ díẹ̀ péré kọjá) fún un. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó wà nínú gbogbo àwọ̀ ló ń tàn níbẹ̀, ohun tí fílítà bá gé, ara gálásì náà ló gé e kúrò. Ẹ jókòó sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ dípò kí ẹ tẹjú mọ́ ọn.

Ìdí tí tẹlisíkóòpù náà jókòó lé ni àbùkù rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ẹ̀rúnrún igi lẹ̀ pọ̀ ni. Bí ìrì bá wọ etí rẹ̀, á wú, á sì máa há. Ẹ fi fánìṣì pa gbogbo etí rẹ̀ kí ẹ tó tò ó. Ó wúwo tó bíi kílò 26, àmọ́ ó pín sí méjì, ọ̀pá rẹ̀ sì wọ ìjókòó ẹ̀yìn Corolla. Kòtò ojú ọ̀nà máa ń yẹ dígí nípò: bí ìràwọ̀ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó má hàn kedere díẹ̀ kò bá ṣe òrùka tó yí ara wọn ká dọ́gba, ẹ fi skúrù mẹ́ta ìdí ọ̀pá tún un ṣe.

Eruku ọyẹ́ ló máa ń ba dígí jẹ́ jù, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń nù ún ló ń gbà bà á jẹ́. Iyanrìn wà nínú eruku yẹn, aṣọ á fi ha álúmíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú dígí. Eruku díẹ̀ kò dí ìran lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá pọ̀, ẹ tú dígí náà, ẹ da omi lé e lórí títí iyanrìn á fi ṣàn lọ, ẹ wá fi òwú tútù àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan wọ́ ọ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi bátìrì ṣàn án kẹ́yìn, kó má bàa ní àbàwọ́n. Ẹ wò ó dáadáa pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n tà fún yín.

Kí ẹ lè mọ bí irú gálásì yìí ṣe ń rí nígbà tí eruku kò hàn nínú rẹ̀, ẹ wo M87 ní òru kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí wa gan-an kọjá ní Àbújá, ìdí irú tẹlisíkóòpù yìí (Dobsonian) kì í sì í yí dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú un ní wákàtí kan kó tó dé orí wa.