Mítà yẹ́lò kékeré DT830D àti kọ́ìlì Peugeot 504: ohun tí mo rí lẹ́nu lílò ó

Bí ọkọ̀ àtijọ́ yín bá ń kú lójú ọ̀nà nígbà tó bá gbóná, tó bá sì tutù tán tó tún sítáàtì, ẹ ra mítà tí a fi ń wọn iná kí ẹ tó ra kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì. Èyí tí mò ń lò ni DT830D, yẹ́lò kékeré tí àwọn tó ń ta ohun èlò iná máa ń tò sórí tábìlì lọ́jà Kàbà. Owó tí mo fi rà á kò tó owó kọ́ìlì tuntun kan.

504 píkọ́ọ̀pù ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà náà. Òun la fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti ọ̀nà Ìsánlú wá sí Kàbà. Bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, tí oòrùn mú, tó sì kan òkè, á kàn dákẹ́ ni. Ríwáyà ti pààrọ̀ kọ́ńtáàtì (èyí tó ń já iná kọ́ìlì tó sì tún ń so ó), ó pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà, ó tún ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká dán púlọ́ọ̀gì wò." Owó dán-an-wò yẹn ló sú mi.

Kọ́ìlì 504 kò le láti yẹ̀ wò. Ihò wáyà ńlá wà láàárín orí rẹ̀, ẹnu kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, + àti −. Lára ti Bosch, 15 ni wọ́n kọ sí +, 1 sí −, 4 sí ti àárín. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ yọ gbogbo wáyà orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) wọn ohun tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, mítà ló fẹ́ bà jẹ́. Ẹ yí mítà sí 200 níbi ohm, kí ẹ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Tèmi ń kọ 0.5. Wáyà mítà ló ni ìyẹn, ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ bá rí. Kọ́ìlì ọkọ̀ kọ́ńtáàtì tí kò ní rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) níta máa ń sún mọ́ 3 ohm láàárín + àti −. Èyí tó ní in máa ń wà ní bíi 1.5. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i sí 20k, kí ẹ ti ẹnu kan bọ ihò àárín, kí èkejì wà lórí +. Láti 6 dé 15 kílò-ohm dára fún ọ̀pọ̀ wọn.

Láàárọ̀, ohun gbogbo pé lára tèmi: 3.2 àti 9.4. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kọ́ìlì kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó tún dákẹ́ lórí òkè ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Kọ́ìlì gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á. + sí − kọ 3.8, ìyẹn kò burú, nítorí bàbà tó bá gbóná máa ń fi kún nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò àárín kọ 1 nìkan lápá òsì ojú mítà (ìyẹn ni pé iná kò rí ọ̀nà kọjá), kò kúrò níbẹ̀: wáyà inú rẹ̀ ti já. Mo di ẹnu wáyà mú síbẹ̀ bó ṣe ń tutù, 1 náà mì, ó di 11, ó wálẹ̀ sí 10. Inú mi dùn gan-an, mo ti rí olè náà.

Mo gbé mítà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì tòkunbọ̀, mo sì wọn kọ́ìlì kí n tó sanwó. Èyí tí mo mú ti ń gun òkè náà pẹ̀lú ẹrù.

Mítà náà ní àbùkù. Wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń já ní ọrùn. Kò mọ̀ ọ́n pa ara rẹ̀, bí bátìrì 9-volt rẹ̀ bá sì ti ń kú, nọ́ńbà á máa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó lè sọ pé kọ́ìlì bàjẹ́, kò lè búra pé ó dára. Agbára bátìrì kékeré ló ń lò, kọ́ìlì sì ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Ibi tí iná ti ń jò nígbà tó bá lágbára, mítà kò ní rí i. Bí nọ́ńbà bá pé tí sípáàkì kò sì lágbára, ẹ yá kọ́ìlì tó dára fi dán an wò. Àwọn Corolla tí kọ́ìlì wọn jókòó lórí púlọ́ọ̀gì, tí ẹnu wáyà rẹ̀ jẹ́ 4, ẹ má fi ohm wọn ún rárá. Ẹ̀rọ wà nínú wọn, nọ́ńbà yẹn kò ní bá ti 504 mu.