Bọ́ńpà Tí Wẹ́dà Bá Mi Jó Fún Máṣíìnì Ńlá: Oṣù Mẹ́jọ, Ìṣubú Méjì Ààbọ̀

Ojú àpá mẹ́ta ló wà lára bọ́ńpà yìí, irin tí a tẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ká kí ara rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀ bó bá ṣubú, mo sì mọ ọjọ́ tí mo gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti apá òsì, tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, ilé epo ni. Ti apá ọ̀tún, tó rí pálapàla bí ẹni fi ayùn họ ọ́, ewúrẹ́ ló fà á. Ẹ̀kẹta kò ju bíńtín lọ, gbòǹgbò igi máńgòrò ló ṣe é, òun ni mo pè ní ààbọ̀. Ká ní kò sí bọ́ńpà yìí ni, ara táńkì epo, ara rédíétọ̀ tàbí ara ojúgun èmi fúnra mi ni gbogbo wọn ì bá wà.

Tíṣà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gun Boxer lọ síbi iṣẹ́, Boxer kì í sì í bani lẹ́rù. Bó bá fẹ́ ṣubú, ẹ ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ ó fi itan tì í, ó parí. Lọ́dún tó kọjá ni mo rí Honda CB500X tòkúnbọ̀ kan, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́ títí mo fi rà á. Ẹ́ńjìnnì 471 cc, sílíńdà méjì. Pẹ̀lú epo àti ọ́ọ̀lì nínú rẹ̀, ó wúwo tó kìlógíráàmù 197, ìjókòó rẹ̀ sì ga ní mílímítà 830 sí ilẹ̀. Èmi náà kò ga. Bí mo bá jókòó lé e, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ mi á wà lókè bíi ti ọmọ tó fẹ́ jí ẹran lórí pẹpẹ.

Kì í ṣe eré sísá ló bà mí lẹ́rù o. Lórí eré, máṣíìnì ńlá máa ń dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀. Ibi tí kò ti sáré rárá ló ti máa ń dójú ti ọ̀gá rẹ̀: ẹnu géètì, ibi tí a ti ń yípo lójú ọ̀nà tóóró, ibi tí ilẹ̀ ti dagun, ibi tí yanrìn wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ààjìn ni mo fi ń tì í jáde nínú ọgbà kí àwọn ará ilé má baà wò mí. Bí mo bá kọjá ẹnu ilé ẹni tí mo fẹ́ lọ kí, n kì í lè yí padà níbẹ̀. Mo máa lọ títí màá fi rí ibi tó fẹ̀ bí pápá, kí n tó yípo bí ẹni ń yí tírélà. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ra máṣíìnì yìí ni, àbí òun ló rà yín?" Mi ò dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ńpà ṣe dé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ti ṣe parí láti òkè òkun wà, wọ́n sì rẹwà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ iye rẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ òfuurufú, mo rọra pa fóònù. Mo gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lọ nígboro, ọkùnrin tó jẹ́ pé géètì àti agbada gààrí ló ń jó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ní ẹjọ́ tí màá rò níwájú, bẹ́ẹ̀ èèyàn dáadáa ni.

Ohun tó ṣe kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Kò fi téèpù wọn nǹkan kan. Wáyà kan ló mú, èyí tí wọ́n fi ń di irin ilé, ó tẹ̀ ẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ká, ó ní kí n jókòó kí n na ẹsẹ̀ sórí ìtẹ̀lẹ̀, ó ní kí n tẹ jíà, kí n tẹ bíréèkì, kí n yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún kí n yí i sósì. Ibi tí wáyà bá ti kàn mí, ó tún un tẹ̀. Wáyà yẹn ló wá fi tẹ páìpù. Irú páìpù tí a lò ṣe pàtàkì: ó nípọn ní mílímítà 2 lára, ó sì fẹ̀ ní 25. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdúró tẹlifíṣàn ni. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rẹ̀, wẹ́dà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwáwí.

Àfi bó ṣe fẹ́ jó o mọ́ ojú ibẹ̀ lórí máṣíìnì. Ó ti fi wáyà kan há férémù, ó ti fa àwò dúdú bojú, ló bá kù díẹ̀ kí n ké.

"Ọ̀gá, ẹ dúró!"

"Kí ló dé, Tíṣà?"

"Bátìrì ṣì wà lórí rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jó Boxer àti Jìnchẹ́ńg, kò sí bátìrì tó bú gbàmù. Mo ní kì í ṣe bátìrì ni mò ń rò. Máṣíìnì yìí kò ní kábúrétọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, iná wẹ́dà tó bá gba ara férémù kọjá sì lè jó o, owó rẹ̀ a sì tó owó Boxer mìíràn. A tú wáyà bátìrì. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ wá dá a lábàá pé kí òun kàn fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí a tú u sílẹ̀, kí òun sì jó o lórí ilẹ̀. Èyí ló dára jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wẹ́dà sún mọ́ máṣíìnì onífúẹ́ẹ̀lì-ínjẹ́ṣọ̀n, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, nígbà tí wáyà bátìrì ṣì wà lórí.

Ibi mẹ́ta ló ti so mọ́ férémù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ibì kan péré, ìgbà àkọ́kọ́ tí máṣíìnì bá ṣubú, irin yẹn á ṣẹ́ bóòtù tó so ó mọ́ férémù tàbí kó fa ihò rẹ̀ ya, àpá kékeré tí ẹ ń sá fún á sì wá di ìbàjẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bóòtù tó gùn la rà, èyí tí wọ́n tẹ 10.9 sí lórí. Nọ́ńbà tó bá ga ló lágbára, 8.8 ni ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ fi kan pákó.

Gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ àti irin, ná mi ní ₦62,000. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo tó rí i gbà. Ẹ̀yin náà mọ "iná kò sí" àti "jẹnẹrétọ̀ ń wá epo", mi ò ní fi ìyẹn sínú ẹjọ́.

Ilé epo kan lójú ọ̀nà Ìlọrin ni ti àkọ́kọ́. Dísẹ́ẹ̀lì ti dà sílẹ̀ níbi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí, eruku sì ti bò ó tó fi dà bí ilẹ̀ lásán. Mo dúró, mo sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì lọ. Ìṣubú máṣíìnì máa ń lọ́ra ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo rí i tó ń tẹ̀, mo dì í mú, mò ń bá a jà, mò ń bẹ̀ ẹ́, ó sì dé ibì kan tí mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kò lè dá a padà mọ́. Mo jù ú sílẹ̀, mo fò kúrò. Gbàm!

"Yéè! Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Ọmọbìnrin tó ń ta epo ló figbe ta. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta sáré wá. Ọ̀kan wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ràkúnmí lẹ gùn yìí o, kì í ṣe máṣíìnì." Ẹ́ńjìnnì ti kú, kò sì jí nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnìkejì ti ń sọ pé ó ti nọ́ọ̀kì. Kò nọ́ọ̀kì o. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí máṣíìnì bá ti dùbúlẹ̀, òun ló ń pa iná. Ẹ ní láti pa kọ́kọ́rọ́ pátápátá, kí ẹ tún un ṣí, kó tó dáhùn. Mo ti ka ìyẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú èrò, mo gbàgbé orúkọ ara mi pàápàá.

Ìgbà yẹn ni mo rí iṣẹ́ tí bọ́ńpà ń ṣe. Máṣíìnì náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí páìpù ló sinmi lé, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, àyè sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ì bá ti há sí. Nítorí pé kò tẹ́, gbígbé rẹ̀ dìde kò le tó bí mo ṣe ń fòyà. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fi ìdí ti ìjókòó rẹ̀, mo yí ọwọ́ rẹ̀ tán pátápátá kí orí táyà kọjú sílẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di ọwọ́ máṣíìnì tó wà nísàlẹ̀ mú, mo fi èkejì di irin ẹ̀yìn, mo wá ń fi ẹsẹ̀ rin ìrìn ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Itan ló ń gbé e, ẹ̀yìn kọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló ṣubú sí, ẹ kọ́kọ́ na sítáńdì rẹ̀ jáde, kó má baà ṣubú sí òdì kejì lẹ́yìn gbogbo wàhálà.

Ìkejì, ẹ̀bi tèmi ni. Àdúgbò Under-G ni, mò ń yípo, ewúrẹ́ kan bẹ́ já, mo sì fún bíréèkì iwájú pa nígbà tí ọwọ́ máṣíìnì ṣì wà ní yíyí. Bíréèkì iwájú pẹ̀lú ọwọ́ tó yí, ìṣubú ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè dì í mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mo máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì sí ìdajì kí ẹ́ńjìnnì má baà kú lójijì, ojú mi sì máa ń wo ibi tí mò ń lọ dípò táyà. Ewúrẹ́ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ ọ̀rá.

Ti ààbọ̀, ibi òkú kan ni. Òjò rọ̀, sítáńdì wọ inú ilẹ̀, máṣíìnì fara ti gbòǹgbò máńgòrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ọmọrí ike kan sínú àpò, mo máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́ sítáńdì.

Ẹjọ́ wá kù. Páìpù tó gba iwájú ẹ́ńjìnnì kọjá dí fílítà ọ́ọ̀lì. Gbogbo ìgbà tí mẹkáníìkì mi bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, ó ní láti tú bóòtù mẹ́rin kí kọ́kọ́rọ́ fílítà tó wọlé, ó sì ń fi owó kún un fún mi. Èyí jẹ́ ẹ̀bi wẹ́dà àti èmi, àwa méjèèjì kò wo ibẹ̀. Ọ̀dà tó fín sí i kò ju ti géètì lọ. Kí òjò ọdún yìí tó dá, ìpẹtà ti yọ ní gbogbo ibi tó ti jó o. Àwọn bóòtù náà máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì, mo máa ń fún wọn le lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí mo bá sì ń tì í wọlé lálẹ́, ó ti gbá mi lójúgun tó ìgbà mẹ́rin.

Bọ́ńpà yìí kò sì bo gbogbo nǹkan. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti díńgí ṣì máa ń kanlẹ̀. Mo tú bóòtù tó di ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀, ìwọ̀n tí kò ní mì bí mo bá ń gùn ún, ṣùgbọ́n tó máa yí dípò kó ṣẹ́ bó bá gbá ilẹ̀. Ó yí ní ilé epo, mo fi ọwọ́ dá a padà. Díńgí ọ̀tún fọ́ lọ́jọ́ ewúrẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ohun tí yóò gba ẹsẹ̀ yín là níbi ìjàǹbá gidi. Ìwádìí kan wà tí Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California ṣe lórí ìjàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1981. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ irin yìí, wọ́n sì rí i pé bó ṣe ń dín ọgbẹ́ ọrùn-ẹsẹ̀ kù ló ń fi kún ti orúnkún àti itan. Máṣíìnì tó dúró lójú kan tó ṣubú ni irin yìí wà fún. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, láàárín àwọn tírélà, àṣíborí, bàtà tó bo ọrùn-ẹsẹ̀ àti sùúrù ni mò ń gbé lọ.

Ṣé màá tún ṣe é? Màá ṣe é lónìí. Kí n tó so ó, ẹ̀rù pé máṣíìnì á ṣubú ló ń jẹ́ kí n fún bíréèkì pa níbi tí kò yẹ, mo sì ń le lórí rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí mo mọ̀ pé bó bá ṣubú, ọ̀dà ló máa họ, apá mi rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú ilé àbúrò mi, ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò fẹ̀ ju gígùn ọkọ̀ kan lọ.

Mo ti padà lọ bá wẹ́dà nítorí fílítà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Háà, Tíṣà, ẹ ò sì sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé nǹkan kan wà níbẹ̀." Ó ní òun á gé e, òun á tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, òun ò sì ní gba owó iṣẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni kí n mú wá. Jímọ̀ ló dá fún mi.