Àyẹ̀wò orí fóònù fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, l'Ógbòmọ̀ṣọ́
Iṣẹ́ yìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fi fóònù bi aláìsàn ní ìbéèrè, wúlò fún ẹni tí wíwọ ọkọ̀ dé ọsibítù nira fún. Àmọ́ ìbéèrè wọn nípa egbò tí ìjókòó tàbí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà, "Ṣé ó ń dùn yín?", kò wúlò: ara tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́ kì í mọ ìrora egbò. Kí wọ́n ní kí olùtọ́jú tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Lára dúdú wa, pípọ́n kì í sábà hàn. Kó fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le.

Ìbéèrè nípa ìtọ̀ dáa: àwọ̀, òórùn, ibà.

Ìbéèrè nípa ẹ̀fọ́rí òjijì pẹ̀lú òógùn lójú ni wọn kò fi sí i, fún ẹni tó fara pa láti T6 (egungun ẹ̀yìn kẹfà níbi àyà) sókè. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń ga nígbà náà. Ẹ gbé e jókòó, ẹ wò ó bóyá rọ́bà tó ń gbé ìtọ̀ jáde ti ká. Bí kò bá rọlẹ̀ kíákíá, ọsibítù ni, kì í ṣe fóònù.