Hash index (irú atọ́ka kan tó ń jẹ́ kí wíwá dátà yá) inú PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà): ká jẹ́ kó wà ni àbí ká yọ ọ́?
Àwọn tó ní ká yọ ọ́ ò jẹ̀bi o, torí kó tó di PostgreSQL 10 lọ́dún 2017, hash index kì í wọ WAL (àkọsílẹ̀ àyípadà tí PostgreSQL fi ń tún dátà ṣe tó bá kú lójijì), tí sáfà bá kú lójijì àfi kéèyàn ṣe REINDEX (kó tún index náà kọ́ látìbẹ̀rẹ̀), bẹ́ẹ̀ "=" (wíwá ohun tó bá ara mu gẹ́lẹ́) nìkan ló mọ̀, B-tree, irú index tí PostgreSQL máa ń lò téèyàn ò bá yan òmíràn, ń ṣe ìyẹn ó tún ń ṣe "<" àti ORDER BY (títo èsì léra). Ká jẹ́ kó wà ńkọ́? Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù tí URL gígùn gbọọrọ kún inú ẹ̀: B-tree á kó URL yẹn sínú index, hash ò ní kó o, kóòdù báìtì 4 péré ló máa fi rọ́pò ẹ̀. Èmi ò ní yọ ọ́ láéláé, pàápàá nígbà tí wọ́n ti tún un ṣe.